Òdòdó ọjọ́ kan náà sí Isle of Wight: ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún wa nínú ìwé ìròyìn yín, ká bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀ lórí owó kan tí wọ́n ń ná sófo. Owó òdòdó ni. Èèyàn á wà ní Peckham, ní Ìbàdàn tàbí ní Houston, á ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ní Isle of Wight, erékùṣù tó wà níwájú Portsmouth ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n bímọ, tàbí ó pé àádọ́ta ọdún, tàbí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Àbúrò ṣí fóònù, ó rí ìkànnì tó kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ń fi òdòdó jíṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sanwó, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ni òdòdó dé nínú páálí, gbogbo orí rẹ̀ ti tẹ̀ wálẹ̀. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dé. Wọ́n á kàn kọ̀wé pé àwọn ti dá owó padà.

Ohun tó ń fà á kò fara sin fún àwa tí à ń fi òdòdó ṣiṣẹ́ ṣe. Kò sí afárá kankan tó so Isle of Wight mọ́ ilẹ̀ ńlá. Omi Solent ló wà láàárín wọn. Àwọn èèyàn ibẹ̀ tó bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje (140,000), ìlú wọn kò sì tóbi: Newport, Ryde, Cowes, Sandown, Shanklin, Ventnor, àti Yarmouth tó kéré jọjọ. Ohunkóhun tó bá ní táyà, orí ọkọ̀ ojú omi ló gbọ́dọ̀ gùn kó tó débẹ̀. Láti Portsmouth sí Fishbourne, ó tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Láti Southampton sí East Cowes, ó tó wákàtí kan. Láti Lymington sí Yarmouth, bí ogójì ìṣẹ́jú. Hovercraft, ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé lójú omi, tó ń lọ láti Southsea sí Ryde ló yá jù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló ń lò lórí omi, ṣùgbọ́n kì í gbé mọ́tò.

Ẹ wá bá wa ṣírò rẹ̀. Bí mọ́tò òdòdó kan bá kúrò ní Portsmouth láago mọ́kànlá, ó gbọ́dọ̀ ti dé èbúté ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra, kó tò sórí ìlà. Ó sọdá, ó sọ̀ ní Fishbourne, ó tún wakọ̀ lọ sí Ventnor fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Yóò gba ọ̀nà kan náà padà. Ọjọ́ ti lọ, owó tí mọ́tò sì san lórí omi ní lílọ-bíbọ̀ lè ju iye tí ẹ san fún òdòdó lọ. Kò sí oníṣòwò tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìdì òdòdó kan. Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí òdòdó ọjọ́ kan náà fún yín ní erékùṣù yìí, ohun tó ń sọdá omi lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yín àti owó yín. Òdòdó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà nínú garawa omi ní Ryde tàbí Newport tàbí Shanklin láti àná tàbí ìjẹta. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìlérí náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Oríṣi òdòdó méjì ni wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn wa sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni òdòdó inú páálí, tí wọ́n dì ní ilé ìkẹ́rù ńlá kan lórí ilẹ̀ ńlá, tí wọ́n sì fún àwọn tó ń gbé ẹrù kiri. Òmíràn ni èyí tí olódòdó fi ọwọ́ dì ní ṣọ́ọ̀bù, tí dírẹ́bà rẹ̀ sì gbé dé ẹnu ọ̀nà. Ti inú páálí kò burú fún Birmingham tàbí Leeds. Ṣùgbọ́n àwọn postcode erékùṣù yìí, láti PO30 títí dé PO41, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ akẹ́rù ló kà wọ́n sí ẹ̀yìn odi: wọ́n á bu owó lé e, wọ́n á sì fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún un. Ẹ lọ wo ìwé kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ìkànnì wọn, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn ibi tí ìlérí "ọ̀la" kò dé. Ẹ ó rí Isle of Wight níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkè Scotland àti Isles of Scilly, àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà níwájú Cornwall. Ti Scilly tiẹ̀ yani lẹ́nu. Níbẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin narcissus olóòórùn dídùn nígbà òtútù, tí wọ́n ń dì í sínú páálí tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ fi róòsì ránṣẹ́ sí Hugh Town, ìlú wọn ní Scilly, ní oṣù kìíní, ọkọ̀ èrò ojú omi tó ń ti Penzance lọ kì í rìn nígbà òtútù, bí kùrukùru bá sì ṣú, ọkọ̀ òfuurufú kò ní gbéra.

Báwo ni òdòdó ṣe ń dé Isle of Wight gan-an? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gba ọjà gbàǹjo Royal FloraHolland kọjá ní Aalsmeer, ní Netherlands. Aago kan ni wọ́n fi ń ta ọjà níbẹ̀, tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà báyìí, tí iye owó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì ló rà á. Róòsì lè ti wá láti etí adágún Naivasha ní Kenya, tàbí láti Ethiopia, tàbí láti Ecuador tí igi rẹ̀ gùn tí orí rẹ̀ sì tóbi. Láti Aalsmeer ló ń wọ lọ́rì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì ń gba orí omi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Ryde. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni lọ́rì yìí ń dé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìlú kékeré ń gba ọjà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nínú ìyẹn ni ìdí tí àwòrán orí ìkànnì kì í fi í bá ohun tó dé ilé mu. Ẹni tó di òdòdó yín ń lo ohun tó wà nínú garawa rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ní àfi róòsì aláwọ̀ ọ̀sàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí mẹ́fà ló kù ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ibi tí yóò ti rí mẹ́sàn-án yòókù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sọ àwọ̀ tí ẹ fẹ́, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ ná, ẹ sọ irú ayẹyẹ tó jẹ́, kí ẹ sì fi yíyàn òdòdó sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó lójú. Owó kan náà yóò so èso jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ pọ̀ lórí òdòdó kó tó ṣeé fi ránṣẹ́. Nígbà tí páálí bá dé, wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú gé ìdí igi kọ̀ọ̀kan ní ìdagẹ̀rẹ́, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta, wọ́n á já gbogbo ewé tí omi máa bò, wọ́n á sì kì í bọ garawa tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní, tí omi rẹ̀ ní oúnjẹ òdòdó nínú. Wákàtí mélòó kan ni yóò fi mumi, tàbí mọ́júmọ́, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Róòsì tí kò tíì mumi yó lè rẹwà láago méjìlá, kí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ láago mẹ́rin, torí afẹ́fẹ́ ti dí ojú ọ̀nà omi nínú igi rẹ̀. Daffodil ní tirẹ̀ ń da oje yíyọ̀ kan sínú omi tó ń pa òdòdó mìíràn, nítorí náà garawa ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í sì í tún un gé mọ́ bí wọ́n bá fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ tulip. Hydrangea máa ń rẹ̀ lójijì. Bí wọ́n bá ki orí rẹ̀ bọ omi fún ìgbà díẹ̀, ó máa ń jí padà. Yàrá tútù tí wọ́n ń kó wọn sí máa ń wà láàárín 2 sí 5 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n anthurium àti òdòdó ilẹ̀ gbígbóná bíi tiwa kò gbọ́dọ̀ wọbẹ̀, òtútù á sọ ọ́ di dúdú. Wọn kì í sì í fi òdòdó síbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ápù ti pọ́n, torí gáàsì tó ń jáde lára èso pípọ́n ń mú kí òdòdó gbó kíá. Carnation ló kọ́kọ́ ń fi í hàn: ojú rẹ̀ á padé bí ẹni tó ń tòògbé, kò sì ní là mọ́.

Gbogbo ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń ní gbèdéke. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń ti ìwé ọ́dà ọjọ́ kan náà láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán láàárín ọ̀sẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n ń tì í lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀pọ̀ kì í sì í jáde rárá lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn tó wà ní Nàìjíríà, ẹ má gbàgbé pé aago yín àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ṣùgbọ́n ti Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú láti ìparí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta. Àwọn tó wà ní Houston ló nira fún jù: aago méjìlá ọ̀sán ní Ryde, aago mẹ́fà ìdájí ni lọ́dọ̀ yín. Ẹ tẹlifóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti owó, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá jù. Àwọn àgbà ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Kí ṣọ́ọ̀bù kan gba owó kí òmíràn ṣe iṣẹ́ kì í ṣe ohun titun. Àwọn olódòdó Amẹ́ríkà ti dá ẹgbẹ́ wọn, FTD, sílẹ̀ ní 1910, tí wọ́n ń fi tẹlígíráàmù ránṣẹ́ síra wọn. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1923, ohun tó sì di ẹgbẹ́ olódòdó Interflora nìyẹn. Olódòdó tó ní ṣọ́ọ̀bù ń bá olódòdó tó ní ṣọ́ọ̀bù ṣe é, àwọn méjèèjì sì mọ iṣẹ́. Èyí tó ń bà á jẹ́ ni àwọn tí kò ní garawa kan ṣoṣo, tó jẹ́ ìkànnì àti nọ́ńbà fóònù ni gbogbo ọjà wọn. Wọ́n á fi orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan ya ojú ìwé: "òdòdó Ventnor", "òdòdó Cowes", bí ẹni pé wọ́n wà ní àdúgbò.

Ká ní ẹ san 55 pọ́ùn. Wọ́n á yọ 7 pọ́ùn fún ohun tí wọ́n pè ní owó iṣẹ́. Nínú 48 tó kù, wọ́n á mú bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká sọ pé 13. Ohun tó dé ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù Ventnor ni 35. Epo àti dírẹ́bà gba 7 níbẹ̀. Ó ku 28 tí olódòdó yóò fi ra òdòdó, ọ̀rá, pépà àti rìbọ́ọ̀nù, tí yóò sì tún fi sanwó iná àti ti ọwọ́ ara rẹ̀. Ìdì tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ ti 28 pọ́ùn, àwòrán tí ẹ rí sì jẹ́ ti 55. Ẹ̀gbọ́n kò mọ ohun tí ẹ san. Ó kàn rò pé ahun ni yín. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ̀ ọ́dà bẹ́ẹ̀, alágbàtà á wá máa pe ṣọ́ọ̀bù kan tẹ̀ lé òmíràn títí aago yóò fi kọjá gbèdéke. Ìgbà náà ni ìwé "a ti dá owó yín padà" máa ń dé.

Ọ̀nà tí ẹ fi lè dá wọn mọ̀ kò le. Nọ́ńbà fóònù orí ilẹ̀ ti Isle of Wight bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01983. Ẹ wo àdírẹ́sì: ṣé ó ní òpópónà àti postcode PO30 sí PO41, àbí àpótí ìfìwéránṣẹ́ ní ìlú mìíràn? Ẹ wo àwòrán òpópónà náà lórí Google Maps, kí ẹ rí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú yín. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ṣeé rà, nítorí náà ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì bèèrè ohun tí alágbàtà kò lè dáhùn: "Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo ni ọjà yín dé kẹ́yìn? Kí ló dára jù nínú garawa yín lónìí?" Olódòdó gidi yóò yíjú wo ilẹ̀, yóò ní, "A ní òdòdó stocks funfun tó ń ta sánsán, a ní róòsì pupa, ṣùgbọ́n lílì kò tíì là." Alágbàtà yóò ní kí ẹ yan nọ́ńbà àwòrán.

Ní kété tí ẹ bá ti rí ṣọ́ọ̀bù tòótọ́, ẹ ní àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ kí ẹ tó pè: orúkọ ẹni tí ó máa gbà á ní kíkún, nọ́ńbà ilé, postcode, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti wákàtí tó máa wà nílé. Ti fóònù yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lo wákàtí méjìlá lẹ́nu iṣẹ́. Òdòdó tó dé láago kan ọ̀sán á bá ilẹ̀kùn títì. Bí dírẹ́bà bá ní nọ́ńbà, á pè, á sì gbé e fún aládùúgbò. Bí kò bá ní, á fi í sẹ́yìn ilé nínú òtútù tàbí oòrùn, tàbí kó gbé e padà, kí ẹ tún san owó ìgbékiri lẹ́ẹ̀kejì. Ó wù yín kó jẹ́ ìyàlẹ́nu, a mọ̀, ṣùgbọ́n dírẹ́bà lè sọ pé ẹrù kan ni òun mú wá láìdárúkọ òdòdó. Ẹ bi ara yín náà bóyá ológbò wà nílé. Lílì ń pa ológbò, ìyẹ̀fun rẹ̀ tó bá fi ahọ́n lá nìkan ti tó láti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹ sọ fún olódòdó kó má fi lílì sí i rárá. Níbi tí kò ti sí ológbò, ẹ ní kí wọ́n já àwọn orí kéékèèké tó ní ìyẹ̀fun pípọ́n láàárín rẹ̀ kúrò, torí bó bá ta sí léèsì funfun, kì í lọ.

Ní ti ọsibítù: St Mary's ní Newport ni ọsibítù ńlá erékùṣù náà. Ẹ pe wọ́ọ̀dù kí ẹ tó ra ohunkóhun. Káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, àti ti àwọn tí ara wọn kò lágbára láti bá kòkòrò àrùn jà, kì í gba òdòdó, ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù mìíràn kò sì fẹ́ ẹ mọ́ torí omi àti àyè. Ẹ sì fi orúkọ tó wà nínú ìwé ọsibítù ránṣẹ́. A rí òdòdó tí wọ́n kọ "Ìyá Bọ́lá" sí, tí ìyá náà jẹ́ Comfort lórí ìwé wọn. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Bí wọ́n bá máa jẹ́ kó lọ sílé lọ́la, ẹ fi òdòdó ránṣẹ́ sílé lọ́túnla, ẹ ó ṣe é lóore jù.

Ọ̀nà ilẹ̀ erékùṣù náà ní ìdíwọ́ tirẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tó sún mọ́ ilé ẹni náà dára ju èyí tó kàn wà ní erékùṣù lọ. Odò Medina pín Cowes àti East Cowes níyà. Pọ́ńtù tí wọ́n ń fi ṣéènì fà ló ń gbé mọ́tò kọjá láàárín wọn. Bí wọ́n bá dá a dúró fún àtúnṣe, mọ́tò gbọ́dọ̀ yí gba Newport, ibi tí ẹ lè fojú rí lódìkejì odò á wá di ìrìn-àjò. (East Cowes yìí ni ilé Osborne ti Ọbabìnrin Victoria wà, níbi tí wọ́n gbé àwòrán Sarah Forbes Bonetta kọ́ ní 2020, ìyẹn Àìná, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn nílẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí ọba Dahomey mú lẹ́rú.) Ventnor ní tirẹ̀ wà lára òkè, òpópónà rẹ̀ ń yí kọrọ-kọrọ, ilẹ̀ sì ń ya lulẹ̀ níbẹ̀: ọ̀nà Undercliff Drive láàárín Ventnor àti Niton ti wà ní títì fún mọ́tò láti ìgbà tí ilẹ̀ ya lulẹ̀ lọ́dún 2014. Olódòdó tó mọ ọ̀nà kì í to àwo gíga sẹ́yìn mọ́tò. Ìdì tó ní àpò omi nísàlẹ̀, tí wọ́n gbé sínú páálí tó fún un, ló ń gòkè láìdà.

Àpò omi yìí, ẹ bèèrè rẹ̀. Wọ́n á di òdòdó yípo bí ẹni ń hun agbọ̀n kí igi rẹ̀ lè dúró fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá bo ìdí rẹ̀, wọ́n á sì bu omi sí i, ó tó ìdajì lítà. Pẹ̀lú ìyẹn, bí kò bá tilẹ̀ sí ẹni tó máa wá àwo títí di alẹ́, òdòdó kò ní rẹ̀.

Bí ìjì bá jà tàbí kùrukùru bo Solent tí ọkọ̀ kò rìn, ṣọ́ọ̀bù inú erékùṣù ṣì ní ọjà ọjọ́ kan sí méjì nílẹ̀, òdòdó yín á dé. Páálí tó ń ti ilẹ̀ ńlá bọ̀ á sùn sí èbúté. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà Isle of Wight Festival ní oṣù kẹfà àti Cowes Week nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọkọ̀ ojú omi ń kún tí ọ̀nà Newport sì ń dí. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé e láàárọ̀.

Òdòdó ìsìnkú kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọjọ́ kan náà bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ìdì òdòdó tí igi rẹ̀ ń yọ síta, tí wọ́n ń tẹ́ sórí pósí, nìkan ló ṣeé ṣe ní wákàtí mélòó kan. Lẹ́tà ńlá tí wọ́n ń fi òdòdó kọ, MAMA tàbí BABA, férémù àti fóòmù ni, iye lẹ́tà ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Fóòmù yẹn gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ rì sínú omi. Bí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àárín rẹ̀ á gbẹ, òdòdó tí wọ́n gún síbẹ̀ á sì kú kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Férémù wọn kò ní àmì ohùn, kò ní àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà, nítorí náà ẹ yan orúkọ tó ṣeé kà láìsí wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìsìnkú ni ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ilé olóògbé tí gbogbo ẹbí á ti jáde. Orúkọ olóògbé, ọjọ́ àti wákàtí tí ọkọ̀ òkú máa gbéra gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kó sì dé lọ́jọ́ tó ṣáájú tàbí ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ fi ọ̀rá bo káàdì. Òjò kì í fi òkú Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀.

Káàdì náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí ṣọ́ọ̀bù fi ń tẹ̀ ẹ́ sábà máa ń sọ ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè. "Ọmọ káàbọ̀" á wá jáde bí ẹni pé à ń bi ọmọ náà ní ìdí tó fi wá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán nípasẹ̀ ímeèlì, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ dà á kọ. Kí ó má gùn ju ìlà mẹ́rin lọ. Ẹ má sì gbàgbé láti buwọ́ lù ú, torí ọ̀pọ̀ ń kọ àdúrà gígùn láìdárúkọ ara wọn.

Sunday àwọn ìyá, tí ṣọ́ọ̀ṣì wa náà ń ṣe ní Sunday kẹrin nínú Lẹ́ǹtì, yóò bọ́ sí ọjọ́ 7 oṣù kẹta ní 2027. Lọ́sẹ̀ yẹn, àti lọ́jọ́ 14 oṣù kejì, ìwé ọjọ́ kan náà máa ń kún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ṣe ọ́dà yín ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé e ní ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé. Òdòdó tí wọ́n fún lómi dáadáa kò ní bàjẹ́ kó tó di Àìkú.

Bí ohun tó dé bá bàjẹ́, kí ẹni tó gbà á ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú ọ̀rá àti káàdì rẹ̀, kó tó tú u. Ẹ pe ẹni tí ẹ sanwó fún, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tí orúkọ rẹ̀ wà lára pépà, àyàfi tó bá jẹ́ ẹni kan náà. Ṣọ́ọ̀bù inú ìlú tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ tààrà sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la láìjiyàn, torí mọ́tò wọn á tún kọjá lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ jẹ́ kí olùgbà gé ìdí igi náà ní sẹ̀ǹtímítà méjì, kó pààrọ̀ omi lọ́jọ́ méjì-méjì, kó má sì gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo èso.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olódòdó méjì, Portsmouth